Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Ilẹ̀kùn Tí Kò Ṣí

 

Ìyá kan wà nínú kíláàsì wa ní Kraké tí wọ́n ń ta aṣọ. Ní ọjọ́ kan, fóònù wọn bọ́ sílẹ̀ nínú takisí nígbà tí wọ́n ń ti Àjàṣẹ́ bọ̀. Wọn ò rí i mọ́. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, ojú wọn ti pọ́n. Wọ́n ní: « Olùkọ́, ọmọ mi, fóònù kọ́ ló ń dùn mí. Orúkọ gbogbo àwọn tó jẹ mí lówó wà nínú rẹ̀. Àwòrán ìwé ìbí àwọn ọmọ mi wà nínú rẹ̀. »

Mo bi wọ́n pé: « Ìyá, ṣé ẹ kó wọn sínú Google Drive bí a ṣe ṣe é ní kíláàsì? » Wọ́n ní àwọn kó wọn sí i. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, ẹrù wọn kò sọnù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni a fi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kí ó tó ṣí.

Kí ni Google Drive? Àpótí ni. Ilé iṣẹ́ Google ti Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2012. A lè kó ìwé, àwòrán àti ohùn sínú rẹ̀. A kì í sanwó títí ẹrù yóò fi kún gígábáìtì 15. Lẹ́tà Gmail àti àwòrán Google Photos náà ń jẹ nínú 15 yìí. Àwọn kan ń pe irú àpótí bẹ́ẹ̀ ní « cloud », ìyẹn ni àwọsánmà. Ẹ má wòkè o, kò sí nǹkan kan lókè! Inú kọ̀ǹpútà ńláńlá ni ẹrù yín wà, nínú àwọn ilé ràgàjì tí Google kọ́ sí Amẹ́ríkà, sí Bẹ́ljíọ̀mù, sí Finland àti sí ibòmíràn. Nítorí náà, bí fóònù bá bọ́ sómi, ẹrù ò bọ́ sómi. Ẹ wá fóònù mìíràn, ẹ ṣí àpótí yín.

Báwo la ṣe ń ṣí i? Ẹ nílò àdírẹ́sì yín, èyí tó parí sí @gmail.com. Ẹ tún nílò ọ̀rọ̀ ìpamọ́. Òun ni Faransé ń pè ní « mot de passe », tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní « password ». Ẹ kọ àdírẹ́sì, ẹ tẹ « Suivant ». Bí fóònù yín bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, « Next » ni ẹ ó rí. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìpamọ́, ẹ tún tẹ « Suivant ». Bí ó bá ṣí, ó parí nìyẹn.

Bí kò bá ṣí ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ wo àdírẹ́sì yín dáadáa. Fóònù a máa fi àlàfo kan sí ìparí ọ̀rọ̀ láìsọ fún wa. Ẹ pa á rẹ́. Bóyá lẹ́tà ńlá tàbí lẹ́tà kékeré ni ẹ fi kọ àdírẹ́sì, Google ò bìkítà. Ó bìkítà gidi gan-an nínú ọ̀rọ̀ ìpamọ́. Bí ẹ bá fi « b » kékeré ṣe é, « B » ńlá ò lè ṣí i, bẹ́ẹ̀ fóònù sì fẹ́ràn láti sọ lẹ́tà àkọ́kọ́ di ńlá. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ « Afficher le mot de passe » sí, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ ó rí ohun tí ẹ ń kọ dípò àwọn àmì dúdú yẹn. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ wẹ̀yìn, kí ẹnikẹ́ni má bàa máa yọjú.

Lọ́jọ́ kìíní, èmi àti ìyá tẹ ọ̀rọ̀ ìpamọ́ tó bí ìgbà mẹ́wàá. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Bí ẹ bá ń tẹ èyí tí kò tọ̀nà ní àtẹ̀túntẹ̀, Google yóò rò pé olè ni yín, yóò ní kí ẹ lọ, kí ẹ padà wá. Ó lè jẹ́ wákàtí díẹ̀, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ díẹ̀. Bí ẹ bá ti ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ gbé fóònù sílẹ̀, ẹ ronú.

Lọ́jọ́ kejì, mo bi ìyá pé níbo ni wọ́n ti ṣe ọ̀rọ̀ ìpamọ́ yẹn. Wọ́n ní ní sáíbà kan lẹ́bàá ọ̀nà ni, lórí kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀. Háà! Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀.

Àwa tí a ń gbé ní ẹnu ibodè, kọ̀ǹpútà oríṣi méjì ló ń bọ́ sí wa lọ́wọ́. Ní ti Faransé, A ló bẹ̀rẹ̀ ìlà òkè: A, Z, E, R, T, Y. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, Q ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: Q, W, E, R, T, Y. Nígbà mìíràn, lẹ́tà Faransé ló wà lójú bọ́tìnnì, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n tò sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ tẹ A, ó kọ Q. Ẹ tẹ W, ó kọ Z. Ẹni tó rò pé òun kọ « iwa », « izq » ló kọ! Kò sì ní mọ̀, nítorí àmì dúdú ló ń rí. (Ọ̀rọ̀ ìpamọ́ Google kì í kéré tó « iwa » o, mo kàn fi ṣe àpẹẹrẹ ni.) Mo pààrọ̀ àwọn lẹ́tà náà nínú ọ̀rọ̀ ìyá bẹ́ẹ̀. Google gbà á. Mo fò sókè, gbogbo ilé ń wò mí.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tí n kò mọ̀, mo máa ń kọ́kọ́ tẹ A, Q, W, Z níbi tí a ń kọ àdírẹ́sì, níbi tí ojú ti lè rí i. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń pa wọ́n rẹ́.

A rò pé ó ti tán. Àṣé ilẹ̀kùn kejì wà níwájú. Fóònù tuntun ni ìyá ń lò, Google ò mọ̀ ọ́n. Ó ní òun ti fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà wọn. Kóòdù yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú « G- », lẹ́yìn náà nọ́ńbà 6. Àwọn 6 yẹn nìkan ni ẹ ó kọ. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà wo? Nọ́ńbà Nàìjíríà tí ìyá ń lò nígbà tí wọ́n ń lọ ra ọjà ní Èkó. Síìmù rẹ̀ wà nílé, nínú agolo mílíkì.

Lọ́jọ́ kẹta wọ́n mú un wá. A fi sínú fóònù, a dúró. Kò sí nǹkan. A rìn lọ sí ọ̀nà ibodè títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà fi mú un. Kóòdù wọlé, dín! Ẹ rí i pé a ríre, nítorí síìmù tí a bá pa tì fún ìgbà pípẹ́, ilé iṣẹ́ lè gbà á, kí wọ́n tà á fún ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà kò tíì tán. Láti ọjọ́ 30 Novẹ́ńbà 2024, nọ́ńbà fóònù ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti kúrò ní 8, ó ti di 10. Wọ́n fi 01 síwájú ti àtijọ́. Ẹ wọ inú àpótí yín nígbà tí ara rọ̀, ẹ wo nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 8 ṣì ni, ẹ tún un kọ: +229, lẹ́yìn náà 01, lẹ́yìn náà ti àtijọ́. Ẹ fi àdírẹ́sì ọmọ yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín kan sí i pẹ̀lú, kí kóòdù lè gba ibẹ̀ wá bí síìmù bá sọnù.

Ẹni tó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ìpamọ́ pátápátá yóò tẹ « Mot de passe oublié ? ». Bí ọ̀nà tí Google fi hàn án kò bá ṣeé gbà, kí ó tẹ « Essayer une autre méthode ». Kí ó ṣe é lórí fóònù tó ti ń lò tẹ́lẹ̀ bó bá ṣì ní i, àti ní ibi tó máa ń lò ó, torí Google ń wo ìyẹn. Kí ó wo ọjọ́ àti aago orí fóònù náà pẹ̀lú. Bí bátìrì bá kú, ọjọ́ a máa yí padà sí ọdún àtijọ́, íntánẹ́ẹ̀tì a sì kọ̀.

Ẹ tẹ́tí sí èyí dáadáa. Bí ẹnì kan bá pè yín pé Google lòun, tàbí pé òun wá láti ilé iṣẹ́ síìmù, tó ní kí ẹ ka kóòdù fún òun, gáyímánì ni. Ní òdìkejì ibodè, ọmọ yàhúù ni wọ́n ń pè é. Ẹ pa fóònù. Google kì í pe ènìyàn láti béèrè kóòdù. Èmi tí mò ń kọ́ yín náà, ẹ má fún mi.

Ẹ máa ṣí àpótí yín látìgbàdégbà. Láti oṣù Dìsẹ́ńbà 2023, Google lè pa àpótí tí ẹnikẹ́ni kò ṣí fún ọdún 2 rẹ́, tòun ti ẹrù inú rẹ̀.

Ìyá ṣí tiwọn. Ìwé ìbí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀. Wọ́n ka orúkọ àwọn tó jẹ wọ́n lówó sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan, fúnra wọn, láìsí ìrànlọ́wọ́. Orúkọ mi ni ìkẹrin. Aṣọ ọdún tó kọjá ni.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ kọ àdírẹ́sì yín sínú ìwé yín. Ẹ kọ ìparí nọ́ńbà tí Google mọ̀ yín mọ́, nọ́ńbà 2 péré, kí ẹ sì kọ ibi tí síìmù náà wà lónìí. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ ìpamọ́ sínú ìwé tí ẹ máa gbé wá sí kíláàsì.