Dáwódù, Orúkọ Wo Ni Ká Máa Pè Ọ́?

Dáwódù, káàbọ̀. Bọ́ bàtà rẹ sí ẹnu ọ̀nà, kí o wá jókòó síbi tí mo ti lè rí ojú rẹ. Má dọ̀bálẹ̀ mọ́. O ti dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìdọ̀bálẹ̀ kọ́ ni yóò gbà ọ́ lọ́wọ́ mi lónìí. Omi tútù wà nínú fíríìjì. Àwọn ọmọ ń gúnyán lẹ́yìnkùlé, ìwọ náà ń gbọ́ odó. Ṣùgbọ́n kí iyán tó délẹ̀, ọ̀rọ̀ wà tí a ó sọ.

Kí ni mo gbé dání yìí? Káàdì rẹ ni. Mẹ́ta ni, inú Bíbélì mi ni mo kó wọn pamọ́ sí. Eléyìí, ọdún Àjíǹde èṣí lo fún mi: “Magic Boy”. Eléyìí, níbi ìsìnkú ìyá àgbà ní Ìdó: “Professor Àǹjọ̀nú”. Èyí tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde kí n lè fojú mi rí i dáadáa: “Ekiti State International Illusion”. Orúkọ mẹ́ta láàárín ọdún kan àtàabọ̀! Àbíkú gan-an kì í pààrọ̀ orúkọ tó báyìí.

Ní Ìjerò, Magic Boy ni wọ́n mọ̀. Ní Àrámọ̀kọ̀, Àǹjọ̀nú ni. Ní Ẹ̀fọ̀n, wọn ò tilẹ̀ rántí kankan. Ọ̀gá ilé-ìwé kan nílùú wa níbí bi mí níjọ́sí pé, “Màmá, ọmọ yín tó pidán fún wa lọ́jọ́ àwọn ọmọdé, tí ẹyẹlé ń fò jáde nínú ìwé ìròyìn, báwo la ṣe lè rí i? A tún fẹ́ ẹ.” Mo ní ṣé wọn ò pè é ni. Ó ní nọ́ńbà tó wà lára káàdì kò lọ mọ́, nígbà tí àwọn sì wá orúkọ náà lórí fóònù, ọmọ ọlọ́mọ làwọn bá pàdé. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun. Ẹni tó fẹ́ fún ọ lówó ń wá ọ kiri bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ. Níbi ìsìnkú yẹn, o gé okùn sí wẹ́wẹ́ lójú gbogbo wa, o sì fà á jáde ní ọ̀kan gbọọrọ nínú fìlà bàbá tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àwọn àgbà tó ti ń tòògbé lábẹ́ kánópì, gbogbo wọn ló jí. Mo wo ọwọ́ rẹ títí, mi ò rí nǹkan kan. Mo yangàn fún gbogbo ẹni tó wà nítòsí pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ìdí tí mo fi ń bínú nìyẹn. Bí iṣẹ́ rẹ kò bá dára, n kì bá ti fi ẹnu mi ṣòfò.

Ìwọ tilẹ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ ìran wa ni? Kí òyìnbó kankan tó kó ehoro sínú fìlà, eégún onídán ti ń di ọ̀nì, ti ń di òjòlá láàárín agbo. Ní 1826, nígbà tí Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò kan, dé Ọ̀yọ́ Ilé, Aláàfin ní kí wọ́n ṣeré fún un. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: bí òjòlá ṣe yọ jáde, bí ọ̀kan nínú àwọn eléré náà ṣe wá di òyìnbó funfun, tínínrín, tó ń fín áṣáà, tó ń fọwọ́ ra ọwọ́ bí ẹni tí òtútù ń pa, tó ń fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò rìn láìwọ bàtà rí. Òun ni wọ́n ń sín jẹ níwájú rẹ̀! Ọmọ mi, ì bá wù mí kí n wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n agbo ta ni? Kò kọ orúkọ wọn. Òjòlá wọn wà nínú ìwé, àwọn fúnra wọn kò sí níbẹ̀. Lébe ńkọ́, Ayélabọ́lá ńkọ́, Agbégijó ńkọ́? Àwọn náà jẹ́ eléré orí ìrìn tó ń ti ìlú dé ìlú, ṣùgbọ́n orúkọ ń ṣáájú wọn dé ọjà, títí dòní ni àwọn tó mọ̀ nípa eré Yorùbá sì ń dárúkọ wọn.

Mo ti mọ̀ pé Peller lo máa fi dá mi lóhùn. Ó dáa, jẹ́ ká sọ̀rọ̀ Peller, nítorí ìgbà tiwa ni, orúkọ rẹ̀ ni a sì kọ́kọ́ mọ̀ ká tó mọ ojú rẹ̀.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí i sí ní 1941. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Moshood Fọlọ́runṣọ́ Abíọ́lá. Tún un gbọ́ dáadáa: Moshood Abíọ́lá. Bí ó bá ti jókòó ti orúkọ yẹn, ta ni ì bá gbọ́ ọ lónìí tí kò ní rò pé MKO ni? Orúkọ tó dára ni, orúkọ ńlá ni, ṣùgbọ́n ọkùnrin mìíràn ti kún inú rẹ̀ tán. Peller ni tirẹ̀. Ìró méjì péré, kò há sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ì báà jẹ́ Hausa, ì báà jẹ́ Ìgbò, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta.

Má sì rò pé orúkọ náà kàn bọ́ láti ọ̀run. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í pidán ní 1954. Ó ṣojú ilé iṣẹ́ G. B. Ollivant, ó ṣòwò. Ní 1964 ló lọ kọ́ iṣẹ́ náà ní Íńdíà, oṣù méjìdínlógún gbáko. Ìgbà tó dé, kò bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì: Federal Palace Hotel ní Èkó ló ti kọ́kọ́ ṣeré ní 1966. Ṣé o rí ibi tó gbé orúkọ náà kà? Lẹ́yìn náà, ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣeré kò wá orúkọ ọ̀tọ̀ jẹ́, Lady Peller ni. Nígbà tí ó bá gé obìnrin sí méjì lórí tábìlì, tí àwọn ènìyàn ń kígbe, orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń gbé relé. Wọ́n pa á ní 1997, kí Ọlọ́run forí jì í. Àmọ́ ọmọ rẹ̀, Shina Peller, gbé orúkọ náà dé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Àbújá ní 2019. Wàyí o, bí o bá pe Peller lójú àwọn ọmọ mi kékeré, ọmọkùnrin orí TikTok ni wọ́n ń rò. Wò ó bí orúkọ kan ṣe ń rìn lọ bí omi!

Nítorí náà, má tún jẹ́ kí n gbọ́ “Peller Èkìtì” tí o sọ fún ìyá rẹ yẹn. Orúkọ yẹn ní olówó, ó ní àrólé. Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ: Houdini, gbajúgbajà onídán òyìnbó, náà yá orúkọ lò. Bẹ́ẹ̀ ni. Erik Weisz ni wọ́n bí i ní Budapest ní 1874, ó mú orúkọ Robert-Houdin, onídán ará Faransé, ó fi “i” sí ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó yá orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀ ti kú ní 1871. Síbẹ̀, nígbà tí òkìkí rẹ̀ kàn tán, ó tún kọ odindi ìwé ní 1908 láti fi bu ọkùnrin kan náà kù. Ohun tí mo rí nínú ìyẹn ni pé ẹni tó wọ aṣọ aláṣọ kì í fi ọkàn balẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ rora gún iyán yẹn o! Ẹ má fọ́ odó mi!

Gbọ́, jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò sọ fún ọ rí. Lẹ́yìn tí mo fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, mo ní ilé burẹ́dì ní Ìdó. “Burẹ́dì Tíṣà” ni gbogbo ènìyàn ń pè é, mi ò fún un lórúkọ, àwọn oníbàárà ló fún un. Mo tẹ̀ ẹ́ sára ọ̀rá, mo ń tà, inú mi ń dùn. N kò forúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Ọkùnrin kan lójú ọ̀nà kan náà lọ fi orúkọ yẹn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ó tẹ ọ̀rá tó jọ tèmi, ó fi ìyẹ̀fun tí kò dáa ṣe burẹ́dì sínú rẹ̀. Àwọn oníbàárà mi ń wá bá mi jà lórí burẹ́dì tí n kò ṣe. Mo tọ lọ́yà lọ. Ó bi mí pé, “Màmá, ìwé dà?” Mo jókòó síwájú rẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Bí mo ṣe ti ilé burẹ́dì yẹn pa nìyẹn, kì í ṣe pé ó rẹ̀ mí gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ fún yín.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Ajé, ìwọ àti èmi ni, iwájú kọ̀ǹpútà, ká forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń kọ orúkọ òwò sílẹ̀. NIN rẹ dà? Fọ́tò dà? Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2020 sọ pé bí o bá ń ṣòwò ní orúkọ tìrẹ gan-an, láìfi nǹkan kan kún un, kò pọn dandan. Ṣùgbọ́n bí o bá ti fún òwò ní orúkọ mìíràn, ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n lo ní lẹ́yìn tí o bá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹlòmíràn ti ń jẹ́ ẹ, bí kò bá sí, wọ́n á bá ọ tọ́jú rẹ̀ fún ọgọ́ta ọjọ́ kí o fi parí ìwé. “Ekiti State” tí o kọ yìí, ta ló fún ọ láṣẹ? Ọ̀rọ̀ bíi “State”, “Federal”, “National”, ìjọba kì í jẹ́ kí ènìyàn fi ṣeré láìgba àṣẹ. Lọ́dọọdún, kó tó di ìparí oṣù kẹfà, o ní láti fi ìwé ìjábọ̀ ránṣẹ́ sí wọn, má gbàgbé. Àmì òwò tí àwọn lọ́yà ń pè ní trademark, ibòmíràn ni wọ́n ti ń ṣe ìyẹn ní Àbújá, ọdún méje ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọdún mẹ́rìnlá mẹ́rìnlá. Ìyẹn lè dúró díẹ̀ kí owó kóra jọ. Ti CAC kò lè dúró. Òun ni o máa fi ṣí àkáǹtì ní báńkì lórúkọ òwò, kí ilé-ìwé tó bá pè ọ́ má baà máa sanwó sínú àkáǹtì àbúrò rẹ.

Ọ̀rọ̀ Àǹjọ̀nú ló kàn, ìyẹn ló sì ká mi lára jù. Ta ni yóò pe Àǹjọ̀nú wá síbi ìkómọ? Ìyá wo ló máa gbé ọmọ rẹ̀ síwájú Àǹjọ̀nú? O rò pé bó bá ba ènìyàn lẹ́rù ni yóò fi tà. Ní Amẹ́ríkà bóyá. Níbí, lásìkò tí gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ oògùn owó, ìwọ tún dúró lórí pèpéle, ò ń fa ẹgbẹ̀rún náírà jáde nínú ìwé funfun! Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ọ. Ọkùnrin kan wá kanlẹ̀kùn mi lóru, ó gbé owó dání nínú àpò dúdú, ó ní ṣé ọmọ mi lè bá òun sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Mo lé e lọ tìbínútìbínú, ṣùgbọ́n mi ò sùn mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí oníjìbìtì kan bá gba owó irú ẹni bẹ́ẹ̀, tó ní òun ni Àǹjọ̀nú, ẹnu ọ̀nà ta ni ọlọ́pàá máa dé? Idán owó yẹn, pa á tì pátápátá. Kí o sì máa sọ ọ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀, níbikíbi: onídán ni mí, ọwọ́ yíyá ni, kì í ṣe oògùn. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ nígbà ogún, wọ́n á gbà ọ́ gbọ́, pásítọ̀ àti ààfáà á sì jọ máa pè ọ́.

Kóòtù dúdú tí o ń wọ̀ nínú oòrùn Èkìtì yẹn ńkọ́? Ò ń làágùn bí ẹni tó jí nǹkan. Dá agbádá aṣọ òkè, àwọ̀ kan, kí o má yí i padà. Ẹyẹlé mẹ́ta lè sùn nínú apá agbádá, ìwọ náà mọ̀.

Nísinsìnyí, orúkọ. O sọ fún ìyá rẹ pé o fẹ́ mú “Tòrò” nínú Ayétòrò. Inú mi dùn pé o rántí ilé. Omi Ìkógòsì ni wọ́n rọ sínú ike tí wọ́n pè ní Gossy, ara orúkọ ìlú ni wọ́n ti gé e, ó sì dùn ún pè. Ṣùgbọ́n kọ “Toro” sára báńà láìsí àmì ohùn, kí o wá wo ohun tí wọ́n máa kà. Ẹlòmíràn á ní tọ́rọ́, ẹlòmíràn á ní tọrọ. Ṣé onídán tó ń tọrọ owó ni ọ́? Orúkọ tí alága ìjókòó máa ṣì pè lójú èrò, kó jìnnà sí wa.

Bí mo ṣe máa ń yẹ orúkọ wò rèé: sọ ọ́ fún ọlọ́kadà lẹ́ẹ̀kan lórí fóònù, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dáa, kí ó tún un sọ fún alákàrà. Bí alákàrà bá sọ ọ́ padà fún ọ láìyẹ̀, mú un. Mo ti gbé ọ̀kan yẹ̀ wò láti àná. Mi ò ní sọ ọ́ fún ọ fúnra mi. Ìwọ ọmọ tó gbé iyán yẹn, wá. Sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ta nìyí tó jókòó yìí?

O gbọ́? “Bọ̀dá Onídán Ẹlẹ́yẹlé.” Ta ló kọ́ ọ? “Gbogbo wa la máa ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ ní ilé-ìwé, Màmá.”

Ẹlẹ́yẹlé nìkan, Ìbàdàn ni wọ́n máa rò, ìdí omi tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Onídán Ẹlẹ́yẹlé, mo ti wá a lórí fóònù, mi ò rí ẹnì kankan tó ń jẹ́ ẹ. Ó kù kí CAC náà wá a.

Bu omi fọwọ́. Kí o tó jẹ òkèlè kan, pè é sókè fúnra rẹ, kí n gbọ́ bó ṣe dún lẹ́nu rẹ.