Fi Orúkọ Ara Rẹ Ra Orúkọ Ìkànnì Rẹ

Àbúrò mi, sún mọ́ mi kí á sọ̀rọ̀. Bóyá gèlè lò ń wé fún àwọn ìyàwó ní Surulere ni o, bóyá wíìgì lò ń tà ní Tejúoṣó, bóyá oúnjẹ lò ń gbé lọ sí ọ́fíìsì àwọn èèyàn ní Sábó, tí iṣẹ́ rẹ bá ti ń gbilẹ̀, àwọn oníbàárà á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìkànnì rẹ, Instagram nìkan ò ní tó wọn mọ́. Kí o tó máa ronú àwọ̀ àti fọ́tò tí o fẹ́ lò síbẹ̀, orúkọ ni kí o kọ́kọ́ mójú tó.

Ohun tí mò ń rí kiri Yaba àti Mushin rèé: ọmọkùnrin kan á ní òun á bá ọ ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀, domain (orúkọ ìkànnì), hosting (ibi tí ìkànnì ń gbé) àti HTTPS, owó kan náà ni. Ímeèlì tirẹ̀ ló máa fi forúkọ sílẹ̀, káàdì tirẹ̀ ló máa fi sanwó. Mi ò pè é lólè, ó kàn rọrùn fún un bẹ́ẹ̀ ni. Télọ̀ kan wà ní Lawanson tí ọ̀rọ̀ yìí dé bá. Ẹni tó bá a ṣe ìkànnì ti lọ sí Kánádà, ìránnilétí owó ọdún sì ń wọ inú ímeèlì tí ẹnikẹ́ni ò ṣí mọ́. Nígbà tí ọdún pé, ìkànnì lọ. Bẹ́ẹ̀, orúkọ yẹn ló ti tẹ̀ sára káàdì, sára ọ̀rá tó ń di aṣọ sí, tó sì ti ní kí wọ́n kùn sókè ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin yìí ò rí ìwé kan fi hàn pé òun ló ni ín, torí orúkọ ẹlòmíì ló wà nínú àkáǹtì.

Nítorí náà, ìwọ fúnra rẹ ni kí o ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ta domain. Fún orúkọ tó bá parí sí .ng, yan ọ̀kan nínú àwọn tí NiRA, àjọ tó ń bójú tó .ng, fọwọ́ sí, orúkọ wọn wà lórí ìkànnì NiRA. Lo ímeèlì tí o mọ̀ pé o ò ní pa tì, fi káàdì rẹ sanwó, kí o sì tan ààbò ìpele méjì kí pásíwọ́ọ̀dù nìkan má baà tó láti wọlé. Lẹ́yìn náà, jókòó ti ọmọkùnrin náà kó ṣe èyí tó kàn án. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa ò ní bínú sí èyí.

Ǹjẹ́ o mọ̀ pé àdúgbò wa níbí ni .ng yìí ti bẹ̀rẹ̀? Lọ́dún 1995 tí wọ́n kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ fún Nàìjíríà, Ibukun Odusote ti Yaba College of Technology ni orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alábòójútó. Obìnrin ni, ní Yaba! .ng bọ́ sọ́wọ́ NITDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, lọ́dún 2004, ó sì dé ọwọ́ NiRA lọ́dún 2009. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí ọmọbìnrin tó ń gbé .com.ng sára iṣẹ́ rẹ̀. Náírà ni wọ́n fi ń díye lé e, nígbà tó jẹ́ pé bí dọ́là bá ṣe gbéra ni owó .com náà ń gbéra. Tí oníbàárà rẹ bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, ra .com mọ́ ọn. Tí wọn ò bá kúrò ní Èkó, .com.ng tó. Má sì jẹ́ kí ọjọ́ ìsanwó .com kọjá lórí rẹ o, torí tó bá bọ́ sí àkókò ìràpadà, tó jẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́, owó tí wọ́n máa gbà lé e lórí máa ń dunni.

Nígbà tó bá kan síso orúkọ mọ́ ìkànnì, má bẹ̀rù. Orúkọ wà lọ́tọ̀, ibi tí ìkànnì ń gbé wà lọ́tọ̀. DNS ló ń júwe ilé fún àlejò. Tí ìkànnì rẹ bá wà lórí GitHub Pages, ọ̀kan lára ibi tí èèyàn lè gbé ìkànnì sí, fún àpẹẹrẹ, A record (nọ́ńbà ibi tí ìkànnì wà) mẹ́rin ni wàá fi sínú DNS, 185.199.108.153, 185.199.109.153, 185.199.110.153 àti 185.199.111.153, wàá sì fi CNAME darí www sí orúkọ tìrẹ tó parí sí github.io. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ tó ta domain ti fi A record tirẹ̀ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Pa ìyẹn rẹ́. Àmọ́ má fọwọ́ kan MX, torí òun ló ń gbé ímeèlì rẹ wá. Tó bá sì jẹ́ nameserver, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń tọ́jú DNS rẹ, ni wọ́n ní kí o pààrọ̀, da gbogbo MX náà kọ síbi tuntun kí o tó pààrọ̀ rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ oníbàárà á máa kọ̀wé, ìwọ ò ní rí i. Tí o bá ti ṣe é tán, fi í sílẹ̀. Ó lè tó wákàtí 24 tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó dé ibi gbogbo. Má máa yí i padà ní wákàtí wákàtí.

HTTPS wá ńkọ́? Òun ló ń bo ohun tí oníbàárà bá tẹ̀, ìbáà jẹ́ àdírẹ́sì tàbí nọ́ńbà fóònù, kí ẹni tó wà lórí Wi-Fi kan náà má lè kà á. Láti oṣù keje ọdún 2018 ni Chrome ti ń kọ “Not secure” sára ìkànnì tí kò bá ní in. Ta ló fẹ́ sanwó aṣọ níbi tí wọ́n kọ irú ìyẹn sí? Ọ̀fẹ́ ni o, àbúrò mi. Láti ọdún 2015 ni Let's Encrypt ti ń fún èèyàn ní sátífíkéètì láìgba kọ́bọ̀. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ló máa ń lò, ilé iṣẹ́ hosting tó bá dáa á sì máa tún un ṣe fúnra rẹ̀. Lórí GitHub Pages, “Enforce HTTPS” ni wàá fọwọ́ sí. Ẹni tó bá ń gba owó gọbọi lọ́wọ́ rẹ lọ́dọọdún torí sátífíkéètì ìkànnì kékeré, bi í pé kí ló ń ṣe tí ti ọ̀fẹ́ ò lè ṣe. Tí kò bá rí ìdáhùn gidi, má san án.

Òtítọ́ kan tún wà tí wọn kì í sọ fún wa. HTTPS ò sọ pé olóòótọ́ ni ẹni tó ni ìkànnì. Gbájúẹ̀ náà lè gba ti ọ̀fẹ́ yẹn. Chrome pàápàá ti yọ àwòrán àgádágodo kúrò lọ́dún 2023 torí pé ó ń tan àwọn èèyàn jẹ. Nítorí náà, kọ àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù rẹ sójú ìkànnì náà, kọ nọ́ńbà tí wọ́n lè pè, kí àwọn tó fẹ́ rajà lè mọ ẹni tí wọ́n ń bá ṣe.

Tí o bá sì ti ní ìkànnì tẹ́lẹ̀, gbìyànjú láti wọ inú àkáǹtì tí wọ́n fi ra orúkọ rẹ̀ lálẹ́ òní. Tí o ò bá lè wọ ibẹ̀, pe ẹni tó bá ọ ṣe é lọ́la, sọ fún un pẹ̀lẹ́tù pé kó gbé orúkọ náà sí àkáǹtì tìrẹ, kí ẹ sì ṣe é nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì ṣì jọ ń rẹ́rìn-ín.