Ọ̀sẹ̀ Kan Lọ́dọ̀ Ọ̀rẹ́ ní Abẹ́òkúta

Àwọn àgbà a máa wí pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ènìyàn méjì kò bá fojú kan ara wọn, ọ̀pọ̀ ohun tí ó wà nínú wọn kì yóò jáde. Lẹ́tà dára, tẹlifóònù sì dára, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó lè rọ́pò ìjókòó pọ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí arìnrìn-àjò máa yà sí ilé ọ̀rẹ́ lójú ọ̀nà.

Ọ̀nà òde òní kò fẹ́ kí ènìyàn yà. Ní ọdún 1978 ni a ṣí ọ̀nà márosẹ̀ tí ó lọ láti Èkó sí Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá gbà á lọ sí Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìlọrin kì yóò fojú kan Abẹ́òkúta rárá. Mọ́tò a tètè dé ibi tí ó ń lọ, ṣùgbọ́n a ti kọjá ilé ọ̀rẹ́ láìkí i.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn ọ̀rẹ́ méjì kan tí wọ́n jọ kàwé ní kíláàsì kan náà. Nígbà tí wọ́n dàgbà, ọ̀kan ń ṣòwò ní Èkó, èkejì sì di olùkọ́ ní Abẹ́òkúta. Ní àkókò ìsinmi gígùn kan, oníṣòwò náà wa mọ́tò rẹ̀ ń lọ sí Ìlọrin. Kò gba ọ̀nà márosẹ̀. Ọ̀nà Ọ̀tà àti Ifọ̀ ni ó gbà, nítorí pé ó ti kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣáájú pé òun yóò lo ọjọ́ méje lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní, kò sí ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àlejò náà dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà ilé, ó sì gbé búrẹ́dì tí ó rà ní Agége kalẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ìyàwó onílé ro láfún, oúnjẹ tí àwọn Ẹ̀gbá fẹ́ràn púpọ̀, ó sì gbé e wá pẹ̀lú ọbẹ̀ ewédú àti ẹja. Lẹ́yìn oúnjẹ, àlejò sùn fọnfọn.

Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, wọ́n ń rìn káàkiri ìlú. Wọ́n lọ sí Aké, olùkọ́ sì rán ọ̀rẹ́ rẹ̀ létí pé Henry Townsend, oníwàásù ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ dé Abẹ́òkúta ní ọdún 1843, àti pé òun ni ó dá Ìwé Ìròyìn fún àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá sílẹ̀ ní ọdún 1859. Wọ́n lọ sí ọjà Ìtòkú, níbi tí àwọn obìnrin ti ń ta àdìrẹ. Níbẹ̀ ni àlejò ti mọ ìyàtọ̀ àdìrẹ oníko sí àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ti oníko, ìko ni a fi ń di aṣọ kí a tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ti ẹlẹ́kọ, ẹ̀kọ ni a fi ìyẹ́ adìyẹ yà sí i lára. Ibikíbi tí aró kò bá dé ni yóò dúró ní funfun.

Ní ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n gun àpáta Olúmọ. Abẹ́ àpáta yìí ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí ní ọdún 1830, nígbà tí ogun lé wọn kúrò ní ìlú wọn, tí Ṣódẹkẹ́ sì ṣe olórí wọn. Ibẹ̀ ni orúkọ Abẹ́òkúta ti wá. Àwọn méjèèjì jókòó lórí òkúta, wọ́n ń wo òrùlé ilé àti odò Ògùn lókèèrè. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà náà ni olùkọ́ sọ̀rọ̀.

“Ó di ọdún márùn-ún tí mo sin ìyá mi. Owó tí o fi ránṣẹ́ dé ọwọ́ mi. Ìwọ ni n kò rí.”

Oníṣòwò kò wí àwíjàre kankan. Ó ní, “Òótọ́ ni o sọ. Dárí jì mí.” Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní kí ọ̀rẹ́ òun mú òun lọ sí ojú oórì ìyá náà. Lẹ́yìn èyí, ó lọ bá àwọn ẹ̀gbọ́n olùkọ́, ó kí wọn kú àṣẹ̀yìndè, wọ́n sì dá a lóhùn tayọ̀tayọ̀. Ní ọjọ́ keje, ó mú ọ̀nà Ìbàdàn pọ̀n, ó ń lọ sí Ìlọrin.

Ẹ kíyèsí i pé olùkọ́ kò sọ ọ̀rọ̀ yìí ní ọjọ́ kìíní. Onílé rere kì í bá àlejò wíjọ́ nígbà tí eruku ọ̀nà ṣì wà lára rẹ̀. Oúnjẹ àti omi ni ó kọ́kọ́ tọ́ sí i. Bí ó bá ṣe pé alẹ́ kan ṣoṣo ni àlejò sùn níbẹ̀, ẹ̀rín ni wọn ìbá fi pínyà, ọ̀rọ̀ ìbá sì wà nínú onílé síbẹ̀. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Òun ni ó fún ọ̀rọ̀ láàyè láti jáde.

Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò pẹ́ nílé ọ̀rẹ́ gbọ́dọ̀ mọ ìwà hù. Kí ó sọ tẹ́lẹ̀ pé òun ń bọ̀. Kí ó má ṣe dé lọ́wọ́ òfo. Kí ó jí nígbà tí àwọn ará ilé bá jí. Bí ọjọ́ tí ó dá bá sì pé, kí ó dìde, kí onílé lè máa retí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìdánrawò
1. Kí ni ìdí tí olùkọ́ fi dúró di ọjọ́ karùn-ún kí ó tó sọ ohun tí ó dùn ún?
2. Ṣàlàyé ìyàtọ̀ àdìrẹ oníko sí àdìrẹ ẹlẹ́kọ.
3. Kọ àròkọ lórí òwe yìí: “Ojú ni ọ̀rọ̀ wà.”