Ìkòkò àti Ohun Tí A Ń Rọ Sínú Rẹ̀: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Tí Ń Gbin Ọ́kíìdì

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, òdòdó ọ́kíìdì kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn tí ń gun ọ̀pẹ ti rí ọ̀kan nínú wọn rí: ọ̀pá rẹ̀ dà bí ìrèké kékeré, òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè pẹ̀lú àmì tóótòòtó tí ó dà bí ilẹ̀ pupa. Ansellia africana ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa gé e dànù, wọn a ní àfòmọ́ ni. Àwọn àgbà wí pé àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ni í bá tan. Òótọ́ ni pé àfòmọ́ a máa fa oje igi mu. Ṣùgbọ́n ọ́kíìdì yìí kò fa oje igi kankan; ó kàn gbé èèpo igi ṣe ibùjókòó ni. Òjò, afẹ́fẹ́ àti ewé tí ó jẹrà sí ìdí rẹ̀ ni ó ń bọ́ ọ.

Àwọn tí ń ta òdòdó ní ìlú ńláńlá mọ̀ pé owó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí a ń gbìn sínú ìkòkò ni ó ń kú, nítorí pé a gbìn wọ́n bí ẹni gbin ata.

1. Ohun tí ó ń pa á

Gbòǹgbò ọ́kíìdì orí igi ní awọ funfun kan tí ó dà bí kànrìnkàn. Bí òjò bá rọ̀, awọ yìí a fa omi kíákíá. Lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ a fẹ́ sí i, a sì gbẹ. Bí a bá bò ó mọ́ inú ilẹ̀dú, omi a gba àyè tí ó yẹ kí afẹ́fẹ́ wà, gbòǹgbò a sì jẹrà. Nígbà náà ewé a rọ bí ẹni pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Olóko a tún bu omi sí i, òdòdó a sì kú pátápátá.

2. Ìwà àwọn ìkòkò

Ìkòkò amọ̀ tí a kò kùn ní ọ̀dà a máa jẹ́ kí omi yọ́ jáde láti ara rẹ̀, nítorí náà ó ń tètè gbẹ. Ike àti agolo kì í jẹ́ kí omi jáde àyàfi láti ojú ihò ìdí. Agbọ̀n ni ó ń yára gbẹ jù.

Gíga ìkòkò náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ mú fóòmù ìfọbọ́ kan, ẹ rì í bọ omi, kí ẹ sì gbé e sílẹ̀ ní ìbúlẹ̀ títí omi kò fi kán mọ́. Ẹ wá gbé e dúró lóòró: omi a tún bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú ìkòkò: omi a máa dúró ní ìsàlẹ̀, ìkòkò kúkurú sì ń tutù ju gíga lọ bí ohun inú wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà. Kíkó òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ kò wo èyí sàn. Ńṣe ni ó ń gbé ibi tí omi dúró sí súnmọ́ gbòǹgbò.

3. Ohun tí a ń rọ sínú wọn

Eédú tí a fọ́ tó ìwọ̀n àtàǹpàkò kì í di omi púpọ̀ mú, kì í sì í tètè jẹrà. Ẹ kọ́kọ́ gbọn lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ dànù. Èèpo igi gbígbẹ wà ní àárín. Èèpo àgbọn tí a gé wẹ́wẹ́ ni ó ń di omi mú jù; ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi náà fún ọjọ́ mélòó kan kí iyọ̀ ara rẹ̀ lè jáde.

4. Bí a ti ń so wọ́n pọ̀

Òfin náà rọrùn: ìkòkò tí ó ń di omi mú ń fẹ́ ohun tí omi ń tètè jáde nínú rẹ̀, ìkòkò tí ó ń tètè gbẹ ń fẹ́ ohun tí ó lè fi omi pamọ́ díẹ̀. Ojú ọjọ́ ni ẹnìkẹta wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi Ìbàdàn àti Anglo Jos wé ara wọn. Ìbàdàn ga tó nǹkan bí mítà 200 sókè ìpele òkun. Jos tó nǹkan bí mítà 1,200. Ní Ìbàdàn, ooru àti ọ̀rinrin pọ̀ nígbà òjò, nítorí náà eédú nínú ike tí a lu ihò púpọ̀ sí, tàbí eédú àti èèpo igi nínú ìkòkò amọ̀, ni ó dára. Bí ọmọ Yorùbá tí ń gbé Anglo Jos bá mú irú ìkòkò amọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ láti ilé, yóò ṣe dáadáa láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá tí òjò ń rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá dé, afẹ́fẹ́ gbígbẹ yóò fa omi ara ìkòkò náà tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ó fi èèpo àgbọn bí ìdá kan nínú mẹ́ta kún un, tàbí kí ó lo ike, kí ó sì gbé e kúrò lójú afẹ́fẹ́ àti òtútù òru.

5. Bí a ti ń wọ̀n ọ́n

Ẹ dí ihò ìkòkò, kí ẹ sì fi agolo ka iye omi tí ó kún un. Ẹ da omi náà nù, kí ẹ rọ ohun ìgbìn sínú rẹ̀, kí ẹ sì bu omi sí i títí yóò fi dé ojú rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ fi omi kún un bí ó bá ti fà. Ẹ wá ṣí ihò, kí ẹ sì gbe omi tí ó jáde. Bí ìkòkò bá gba agolo 10, agolo 3 ó kéré tán ni ó yẹ kí ó jáde fún ọ́kíìdì orí igi. Fún ọ̀gbìn ọsàn tàbí kòkó nínú àpò náílọ̀n, agolo 1 sí 2 tó.

6. Ibi tí a ó ti rí i

Èso ọ́kíìdì kéré bí eruku, kì í sì í hù bí a bá gbìn ín lásán. Nítorí náà ẹ má ṣe lọ tú igbó. Ẹ mú èyí tí ó wà lórí igi tí ó wó tàbí tí a fẹ́ gé. Bí ó bá gbilẹ̀, ẹ pín in lẹ́yìn tí ó bá tan òdòdó, kí ìpín kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pá 3 tàbí 4. Ẹ rántí pé gbogbo ọ́kíìdì wà lábẹ́ àdéhùn CITES, tí Nàìjíríà wọ̀ ní 1974. Kí ẹnikẹ́ni má kó wọn kọjá ẹnubodè láìgba ìwé àṣẹ.

Ẹ fi ìkòkò kan tàbí méjì dán an wò ná. Kí ẹ tó bu omi sí i, ẹ ki ìka bọ inú rẹ̀: bí ó bá tutù, ẹ fi í sílẹ̀.