Ìwà Ọmọlúàbí ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìjọ: Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́ àti Òbí ní Ìkẹjà àti Agége

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, nígbà tí Ìkẹjà àti Agége ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí iye wọn jẹ́ 456,600 ní 1954, di 811,432 ní ọdún náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ìjọ: ti Áńgílíkà, ti Kátólíìkì, ti Mẹ́tọ́díìsì, ti Onítẹ̀bọmi. Òtítọ́ ni pé àwọn Mùsùlùmí ti dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ láti ọdún 1923 kí àwọn ọmọ wọn lè kàwé. Síbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó súnmọ́ ilé ni òbí púpọ̀ mú ọmọ lọ. Báyìí ni ọmọ lèmọ́mù ṣe bá ara rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì kan náà pẹ̀lú ọmọ katikíìsì.

Agége ti mọ irú àjùmọ̀gbé bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ọkọ̀ ojú irin a máa kó obì láti ibẹ̀ lọ sí Òkè Ọya, àwọn oníṣòwò Haúsá sì tẹ̀dó síbẹ̀. Ní Ìfàkọ̀ tí ó wà nítòsí, J. K. Coker, ẹni tí ó jẹ́ òpó nínú African Church tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1901, ní oko kòkó ńlá. Àwọn lébìrà tí ó gbà síṣẹ́ kọ́ bí a ti ń gbin kòkó, wọ́n sì gbé ìmọ̀ náà lọ sí ìlú wọn. (Ní tèmi, ilé-ẹ̀kọ́ ni oko náà, bí kò tilẹ̀ ní pátákó ìkọ̀wé.) Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ wá ń pọ̀ sí i ní Ìkẹjà láti ìparí àwọn ọdún 1950, òṣìṣẹ́ dé láti ibi gbogbo, ọmọ wọn sì bá wọn dé.

Ìwà wo ni gbogbo wọn lè jọ pè ní tiwọn? Abala 23 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 dárúkọ méje: ìkóra-ẹni-níjàánu, òtítọ́ inú, iyì iṣẹ́, ìdájọ́ òdodo láàrin àwùjọ, ìfaradà ẹ̀sìn ẹlòmíràn, ìgbẹ́kẹ̀lé ara ẹni àti ìfẹ́ orílẹ̀-èdè. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ṣàjèjì sí ẹni tí a tọ́ ní ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá kọ méjèèje sára pátákó, tí àwọn ọmọ sì kọ́ wọn sórí, kò tíì kọ́ wọn ní nǹkan kan.

Ẹ wo iyì iṣẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ọmọ tí ó bá pẹ́ dé ni à ń fún ní ìgbálẹ̀ tàbí àdá. Ní agogo mẹ́jọ ó ń gbálẹ̀ nítorí pé ó ṣẹ̀. Ní agogo mẹ́wàá olùkọ́ ń sọ fún un pé iṣẹ́ ọwọ́ ní ọlá. Èwo ni kí ó gbà? Bí bàbá rẹ̀ bá ń gbá ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ kan ní òpópó Ọba Akran, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa fi iṣẹ́ bàbá rẹ̀ pamọ́ fún ẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí gbígbá ilẹ̀ di iṣẹ́ tí ó ń kárí gbogbo kíláàsì, ọmọ olùkọ́ àgbà pẹ̀lú, kí a sì wá ìjìyà mìíràn fún ẹni tí ó pẹ́.

Ti òtítọ́ inú kò gba àlàyé púpọ̀: ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń gbàdúrà lówùúrọ̀, tí ó sì ń sọ ìdáhùn ìdánwò fún àwọn ọmọ ní ọ̀sán, ti wó ohun tí ó kọ́. Yíyan olórí kíláàsì pẹ̀lú jẹ́ ẹ̀kọ́ rere, bí a bá ka ìbò lójú gbogbo wọn, tí sáà olórí sì ní òpin.

Ibi tí ó le jù ni ti ẹ̀sìn. Abala 38 sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ipá mú akẹ́kọ̀ọ́ láti kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tàbí láti bá wọn ṣe ìsìn tí kì í ṣe ti ẹ̀sìn rẹ̀, tàbí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Abala kan náà gba ìjọ láàyè láti kọ́ àwọn ọmọ ìjọ tirẹ̀ ní ẹ̀sìn wọn ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń fi owó ara rẹ̀ tọ́jú. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2022, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a láre, adájọ́ márùn-ún sí méjì, pé ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè lo híjáàbù ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹjọ́ náà gbà.

Èmi kò rò pé ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ fi Bíbélì pamọ́. Olùkọ́ lè sọ ìtàn ará Samáríà, àjèjì tí ó di ọgbẹ́ ẹni tí àwọn ará ilé rẹ̀ kọjá lára rẹ̀, kí ó sì bi kíláàsì pé: ta ni àwa ń kọjá lára rẹ̀ ní Agége níhìn-ín? Ọmọ Mùsùlùmí yóò ní ìdáhùn, ó sì lè sọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé nípa sàráà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ, ọmọ ìjọ Kátólíìkì, kọ ṣe di ìwé tí ọmọ onígbàgbọ́ àti ọmọ Mùsùlùmí jọ kà.

Kí olùkọ́ àgbà kọ òfin ilé-ẹ̀kọ́ nípa ìsìn òwúrọ̀, aṣọ àti ọjọ́ ìsinmi sílẹ̀ ní èdè Yorùbá tí ó yé ni, kí ó sì kà á fún àwọn òbí kí wọ́n tó san owó. Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni kí wọ́n fi ìpàdé náà sí, nítorí àwọn òbí tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé-iṣẹ́.