Ilẹ̀dú Láti Inú Ààtàn Ilé Wa

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ẹlẹgbẹ́ wa yóò rántí oko etí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, níbi tí a ti ń fi àdá gé koríko ní ọjọ́ Sátidé. Bí koríko náà bá ti gbẹ, àwa fúnra wa ni a ń dáná sun ún, tí a sì ń yọ̀ pé ilẹ̀ mọ́. Ìgbà tí a fẹ̀yìn tì, tí a kọ́ ilé sórí ilẹ̀ pupa tí katapílà ti gbá ojú rẹ̀ lọ, ni a tó mọ ohun tí a ti fi iná sọnù. Ewédú tí a gbìn ní ọdún kìíní kò ga ju ìka ọwọ́ lọ.

Àwọn baba wa mọ̀ pé tètè àti ìbẹ́pẹ a máa hù lórí ààtàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn wọ́n. Ó kù kí a to ààtàn náà létòlétò. Albert Howard, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe iṣẹ́ yìí ní Indore ní Íńdíà láàárín ọdún 1924 sí 1931: ó to ewé àti koríko pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ màlúù, ó sì ń yí i padà títí ó fi di ilẹ̀dú.

Òkìtì tí a kọ́kọ́ ṣe rùn débi pé aládùúgbò wa kan béèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí a ń fún oníwàásù, bóyá ewúrẹ́ ló kú sí ẹ̀yìnkùlé wa. Èèpo iṣu àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ni a kó jọ. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń sọ pàǹtí di ilẹ̀dú nílò afẹ́fẹ́. Nígbà tí ohun tútù bá lẹ̀ mọ́ra, afẹ́fẹ́ a tán, àwọn kòkòrò mìíràn tí ń mú òórùn wá a sì gba ipò wọn. Agbọ̀n ohun tútù 1 ń fẹ́ agbọ̀n ewé gbígbẹ 2 tàbí 3.

Kí òkìtì náà ga ní mítà 1, kí ó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní gbóná. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àárín rẹ̀ lè gbóná dé ìwọ̀n 55 sí 65 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí tí ń pa èso èpò. Ẹ fi ṣọ́bìrì yí i ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí ti ẹ̀gbẹ́ bọ́ sí àárín. Kí ó rí bí aṣọ tí a fọ̀ tí a sì fún: ó tutù lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò kán. Lásìkò òjò, ẹ fi tàpólì bò ó, kí omi má baà ṣan ọ̀rá rẹ̀ lọ. Ẹran, ẹja, òróró àti ìgbẹ́ ajá kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀, nítorí eku àti àrùn. Ẹ ṣa ọ̀rá omi kúrò; kì í jẹrà.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta, yóò dúdú, yóò sì máa rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Ẹ má gbin nǹkan sínú rẹ̀ nígbà tí ó ṣì ń gbóná. Ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀.

Ní Lúùkù orí 13, olùtọ́jú ọgbà bẹ̀bẹ̀ fún ọdún kan péré kí ó lè walẹ̀ yí igi ọ̀pọ̀tọ́ ká, kí ó sì fi ajílẹ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti wàásù sùúrù láti inú rẹ̀. A kò béèrè rí ibi tí ọkùnrin náà ti máa rí ajílẹ̀.

Ewédú ọdún kejì dé orúnkún wa. Òkìtì kan ṣì wà lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń dúró de òjò àkọ́rọ̀.