Ẹ̀yin Ọkọ Tó Ń Wójú Olúwa fún Ọmọ, Ẹ Lọ Ṣe Àyẹ̀wò

Ẹ̀yin ọmọ mi ọkùnrin, láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, ẹ fetí sílẹ̀.

1. Ẹ má ṣe di ẹrù àìrọ́mọbí lé ìyàwó nìkan lórí. Òun là ń tì láti orí òkè àdúrà dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́wé ọmọ, nígbà tí ọkọ kò tíì tẹ ilé àyẹ̀wò rí. Bẹ́ẹ̀, ó tó ìdajì àwọn tọkọtaya tó ń wá ọmọ tí ọ̀rọ̀ náà kan ọkùnrin. Bí ọdún kan bá kọjá tí oyún kò dé, kí ẹ jọ lọ. Bí ìyàwó bá ti lé ní ọmọ ọdún 35, oṣù 6 ti tó.

2. Agbára orí ibùsùn kọ́ là ń wí. Ara ọkùnrin lè le koko, kí sípáàmù, èyí tó ń sọ ẹyin obìnrin di oyún, má sí nínú àtọ̀ rẹ̀ rárá.

3. Ẹ má bá obìnrin sùn fún ọjọ́ 2 ó kéré tán, kó má ju 7 lọ, kí ẹ tó lọ ṣe àyẹ̀wò àtọ̀. Ilé àyẹ̀wò gan-an ni kí ẹ ti gba àtọ̀ náà, torí láàárín wákàtí kan ló yẹ kí wọ́n ti máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá gbé e láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ìkẹjà, súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ ọkọ̀ lè ba èsì rẹ̀ jẹ́. Ẹ má fi kọ́ńdọ̀mù gbà á o. Ohun tí wọ́n fi pa á lára lè pa sípáàmù.

4. Ẹ ní sùúrù ka ìwé èsì. Ìwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé jáde ní 2021 ni mílíọ̀nù 16 sípáàmù nínú mílílítà kan, kí ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún máa mira, kí ìdá 4 sì ní ìrísí tó péye. Ẹni tí tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ ṣì lè bímọ. Ẹni tí tirẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lè máa wá ọmọ síbẹ̀. Ó ń gba ara ní nǹkan bí oṣù méjì àbọ̀ láti ṣe sípáàmù, nítorí náà ibà líle tó dá yín dùbúlẹ̀ ní oṣù tó kọjá lè hàn níbẹ̀. Ẹ tún àyẹ̀wò náà ṣe kí ẹ tó sunkún. Bí kò bá sí sípáàmù rárá, dókítà yóò yẹ họ́mọ̀nù FSH àti testosterone wò nínú ẹ̀jẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá kórópọ̀n ni kò ṣe é, àbí ọ̀nà ló dí. Tí ọ̀nà bá dí, wọ́n lè fa sípáàmù jáde láti inú kórópọ̀n, kí wọ́n sì fi ẹyọ kan ṣoṣo sínú ẹyin obìnrin. Àyẹ̀wò DNA inú sípáàmù wà pẹ̀lú, pàápàá fún ẹni tí oyún ìyàwó rẹ̀ ń bàjẹ́ lemọ́lemọ́.

5. Ẹ̀yin tí ẹ ń gún abẹ́rẹ́ testosterone kí igẹ̀ lè tóbi, ẹ jáwọ́. Ó ń dá iṣẹ́ kórópọ̀n dúró.

6. Ìtọ́jú IVF, níbi tí wọ́n ti ń da sípáàmù pọ̀ mọ́ ẹyin obìnrin ní ilé àyẹ̀wò, kì í ṣe àjèjì. Ní LUTH, ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladapo Ashiru ti ṣe é, tí wọ́n sì gbẹ̀bí ọmọ IVF àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ní 1989. Kí ẹ tó ta ilẹ̀ san owó irú rẹ̀, ẹ lọ rí dókítà ní ilé ìwòsàn Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú tàbí ti Ẹ̀pẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ìyàwó yín dání.